Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lórí Kámẹ́rà

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Hisanori ti ń lọ, tó ń bọ̀
ní ṣọ́ọ̀bù Onodera, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kushiro.
Ó ń dúró síwájú gíláàsì bí ológbò tó dúró ti àtẹ ẹlẹ́ja.
Kò rà. Kò sì lọ.

Mizuho, ọmọbìnrin tó ń tajà, ti mọ̀ ọ́n lórúkọ.
Ó gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́: "Èyí fúyẹ́, Bàbá."
Ó ní ó fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ inú irà á máa mì ín.
Ó gbé òmíràn wá: "Èyí ò bẹ̀rù òjò."
Ó ní bọ́tìnnì rẹ̀ kéré, pé ìka òun,
ìka tó fa bíréèkì ọkọ̀ ojú irin fún ọdún méjìdínlógójì,
kì í ṣe ìka aránṣọ.
Ó gbé ẹ̀kẹta. Ó fi í sójú. Ó mí kanlẹ̀.
Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á,
ó sì rọra dá a padà
bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní.

Èmi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àpò ẹja lórí ẹsẹ̀ mi,
mo ń ro tèmi.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n fi fẹ́ mi.
Alárinà ló dì í sínú ìwé funfun, tó gbé e dé ilé wọn.
Fọ́tò ọ̀hún ò dáa: ojú mi ọ̀tún padé,
ìgúnpá ẹ̀gbọ́n mi Sumie yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́.
Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá
pé tíì tí òun bù fún alárinà kò tíì tutù
tí ọmọ òun fi ní, "Ó dáa. Eléyìí."
Kò béèrè bóyá mo fúyẹ́.
Kò béèrè bóyá mo bẹ̀rù òjò.

Lónìí, ó rà á.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹṣin kò tíì ra ìjánu:
lẹ́ńsì gígùn, torí agùfọn kì í jẹ́ kéèyàn súnmọ́ òun;
igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n,
ó ní òtútù ni, mo ní mo gbọ́;
káàdì tí kò tó èékánná mi, tó lè gbé ẹgbàárùn-ún fọ́tò mì;
bátìrì mẹ́ta.
Mẹ́ta ṣe jẹ́?
Mizuho ní òtútù máa ń fa agbára wọn mu, kí n fi ara mú wọn gbóná.
Owó òrùlé wa nìyẹn. Mo pa ẹnu mọ́.

Kùtùkùtù, yìnyín mù wá dé orúnkún.
Bátìrì méjì wà lábẹ́ aṣọ mi, lára ikùn,
mo ń sàba lé wọn lórí bí adìẹ.
Ìkùukùu là lójú odò. Agùfọn méjì jáde, pupa lórí,
wọ́n tẹrí ba fúnra wọn, wọ́n na ìyẹ́, wọ́n fò sókè,
wọ́n balẹ̀, wọ́n tún fò.
Mo ń retí kó dún "ká". Kò dún.
"Òkùnkùn ni mò ń wò," ó ní, "ọmọ yẹn ti ta òkú ọjà fún mi!"
Mo yíjú wò ó.
Ìdérí ṣì wà lẹ́nu lẹ́ńsì.

Mo nawọ́, mo ṣí i. Àwọn ẹyẹ ti lọ.
Ẹ̀rín gbé mi, mo ń fà sẹ́yìn, mo ń fà sẹ́yìn,
títí mo fi jókòó sínú yìnyín bí àpò ìrẹsì.
Ká.

Ó fi hàn mí: ojú lásán, lẹ́ńsì yẹn ti gùn jù.
Ehín mi tó ti yọ hàn. Ojú mi ọ̀tún tún padé.
"Pa á rẹ́," mo ní, "ẹ̀bi bọ́tìnnì kan ni."
Ó wò ó pẹ́.
"Ó dáa," ó ní. "Eléyìí."

Bátìrì méjèèjì ṣì gbóná lára ikùn mi.